Bí Olóyè Ọlásúnkànmí Ṣe Di Kòtò

Bí ìgbéraga bá ṣeé jẹ ni, ebi ì bá má pa ẹnikẹ́ni ní Ọ̀rẹ̀ ní gbogbo àsìkò tí Olóyè Ọlásúnkànmí fi jẹ́ ọ̀gá àgbà Àjọ Ọ̀nà Tó Dán. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà ní mo ń fi ojú burúkú wo ọkùnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú burúkú náà ni mo fi ń wò ó. Iṣẹ́ àjọ yìí kò ju kí ó máa tún ọ̀nà oko ṣe lọ, láti Ọ̀rẹ̀ dé Odìgbó, láti Omifunfun dé Ararọ̀mí-Obù, kí kòkó àti ẹ̀gẹ́ lè ráyè dé ọjà, kí aláìsàn sì lè ráyè dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iṣẹ́ náà sọ́kàn, nítorí Olóyè fúnra rẹ̀ kò fi sọ́kàn.

Orúkọ rẹ̀ ni ó fi sọ́kàn. Bí o bá wọ ọ́fíìsì rẹ̀, o kò gbọdọ̀ sọ ohun tó gbé ọ wá títí a ó fi kí i tán, kíkí náà sì ní ìlànà. Tàófíìk, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ pàtàkì, ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà tí yóò máa ké oríkì tí Olóyè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún ara rẹ̀: “Ìràwọ̀ Oríta! Baba Ọ̀dà! Ọkùnrin tí katapílà ń wárí fún!” Bí Olóyè bá sín, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde. Bó bá tún sín, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé kan wà níbẹ̀ tí ìjọba gbé wá láti Ìkàrẹ́, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa mi orí sí gbogbo ohun tí Olóyè bá sọ. Ó mi orí títí wọ́n fi gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọrùn sì ti ń dùn ún.

Lọ́jọ́ kan, Olóyè gbọ́ pé ẹ̀rọ ìwádìí kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ Ọ̀rẹ̀ ń pè ní Bàbá Mọ̀ọ́ntán. Ó ní kí Tàófíìk béèrè orúkọ òun. Bàbá Mọ̀ọ́ntán gbé Ọlásúnkànmí mìíràn jáde, ẹnì kan tó ń ta ẹja dídì ní Òkìtìpupa. Olóyè kò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pàṣẹ pé gbogbo ilé ẹ̀kọ́, gbogbo gáréèjì àti gbogbo ilé àdúrà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà tí àjọ òun ń mójú tó gbọ́dọ̀ ní ojú-ìwé tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lórí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ “Ìràwọ̀ Oríta” gàdàgbà. Ẹni tó bá tẹ ọ̀rọ̀ náà, lórí ojú-ìwé Olóyè ni yóò ti bá ara rẹ̀, níbi tí fọ́tò Olóyè nínú agbádá funfun ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ayé.

Ta ló kọ́ gbogbo ojú-ìwé wọ̀nyí? Levi ni. Levi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Oríta Ọ̀rẹ̀, níbi tó ti ń tún fóònù ṣe, tó ń tẹ ìwé fún èèyàn, tó sì ń bá àwọn ilé àdúrà gbé ìkéde àwẹ̀ àti ìsọjí wọn síta. Ó ṣiṣẹ́ náà dáadáa. Kò pẹ́ tí Bàbá Mọ̀ọ́ntán fi gbàgbé ẹlẹ́ja Òkìtìpupa, tí Olóyè sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun padà.

Ní gbogbo àkókò yìí, kòtò kan ń dàgbà lójú ọ̀nà Omifunfun.

Mo ní ó ń dàgbà, kì í ṣe àwàdà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, adìẹ ló ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì lẹ́yìn náà, ọ̀kadà kan wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó gùn ún àti àpò gààrí, àpò gààrí nìkan ni wọn kò rí mú jáde. Etí ọ̀nà tóóró kan ló kù tí àwọn ọlọ́kadà ń fi ọgbọ́n tọ̀. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ gidi, etí náà yóò ya lọ, Omifunfun kò sì ní lọ́nà mọ́.

Èyí ló ń ba Tíṣà Agnes lẹ́rù. Ọmọ Èkìtì ni Agnes, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Omifunfun ni wọ́n gbé e wá, inú ilé ìyá Inúmidùn ló sì ń gbé. Inúmidùn lóyún. Abẹ ni wọ́n fi gbé àkọ́bí rẹ̀, nọ́ọ̀sì Odìgbó sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ bí ìkejì sílé. Oṣù rẹ̀ ti pé, òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú. Ìyá rẹ̀ kì í lè wo ojú ọ̀run kí ó má sunkún. “Ọma mi o,” ni yóò máa wí, “ọma kan ṣoṣo tí mo ní.” Agnes kò lè fara dà á mọ́, ló bá wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba ọ́fíìsì Olóyè lọ ní Ọ̀rẹ̀.

“Ẹ káàsán, sà,” ni ó wí lórí ìkúnlẹ̀.

“Ẹ kí wọn!” ni Tàófíìk wí.

“Mo ti kí wọn.”

“Káàsán kọ́ là ń kí níbí. Ẹ gbà á lẹ́nu mi. Ìràwọ̀ Oríta!”

Agnes gbà á lẹ́nu rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí dórí katapílà. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kòtò, ó sọ ti Inúmidùn, ó sì sọ ti òjò. Olóyè fetí sí i pẹ̀lú ojú dídì. Nígbà tó parí, Olóyè wú ikọ́, akọ̀wé Ìkàrẹ́ sì múra ọrùn.

“Arábìnrin,” ni Olóyè wí, “èmi kì í ṣe ọ̀gá ayé àtijọ́ tó máa ń tẹ ẹrẹ̀ kiri oko kiri àbúlé. Ọ̀gá ìgbàlódé ni mí. Orí tábìlì yìí ni mo ti ń rí gbogbo ọ̀nà tó wà lábẹ́ mi, bí ìyá ṣe ń rí ọmọ rẹ̀ nínú àwo omi. Tàófíìk, béèrè lọ́wọ́ Bàbá Mọ̀ọ́ntán bóyá kòtò wà ní Omifunfun.”

Tàófíìk tẹ fóònù. “Kò rí nǹkan kan, sà.”

“Ẹ gbọ́? Ohun tí Bàbá Mọ̀ọ́ntán kò bá rí, kò tíì dáyé. Kò sí kòtò kankan ní gbogbo agbègbè mi. Kòtò tiyín yìí, inú ọkàn yín ló wà.”

Akọ̀wé mi orí.

“Sà, àwa tí a ń ṣubú sínú rẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ máa wo iwájú,” ni Olóyè wí, ìpàdé sì parí.

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ tinú mi. Ìwà ìkà pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n èyí tó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ tí ń sọ fún ẹni tó ṣubú pé kò ṣubú, òun ló ń bí mi nínú jù. Ó bí Agnes náà nínú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró níbì kankan títí ó fi dé ṣọ́ọ̀bù Levi, nítorí Levi ló kọ́ ojú-ìwé ilé ẹ̀kọ́ Omifunfun, wọ́n sì ti mọ ara wọn.

“Ó ní ohun tí kò bá sí lórí ẹ̀rọ yẹn, kò sí láyé,” ni Agnes wí.

Levi gbé fóònù tó ń tú sílẹ̀. “Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ kí kòtò wà níbẹ̀?”

“Ṣé ó ṣeé ṣe ni?”

“Bàbá Mọ̀ọ́ntán kò lójú o. Ohun tí àwọn èèyàn bá ń sọ ló ń gbọ́. Bí ojú-ìwé púpọ̀ bá nawọ́ sí ojú-ìwé kan, tí wọ́n ń pè é ní ẹyẹ, ẹyẹ ni Bàbá Mọ̀ọ́ntán yóò máa pè é. Gbogbo ojú-ìwé agbègbè yìí ló sì ń nawọ́ sí ti Olóyè. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè é nìkan ló kù tí a lè yí.”

Agnes bojú wẹ̀yìn, ó tún bojú wo Levi. “Yí i,” ni ó wí.

Kí aago ìrọ̀lẹ́ tó lù, “Ìràwọ̀ Oríta” ti kúrò lórí gbogbo ojú-ìwé náà, “Kòtò Tó Tóbi Jù” ló ti gba ipò rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò tọ́. Àgbà tó ń kàwé yìí ti ń mi orí bíi ti akọ̀wé, ó ń sọ pé àwọn ọmọ ìwòyí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó dáa, sà. Mo ṣì rẹ́rìn-ín.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ yìí tó bá béèrè ibi tí kòtò tó tóbi jù wà, fọ́tò Olóyè Ọlásúnkànmí ni yóò rí, agbádá funfun, ẹ̀rín músẹ́, pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì ọ́fíìsì rẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn èrò ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Bìní, tí wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ jẹun ní Ọ̀rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í yà wá síbẹ̀ láti ya fọ́tò. “Ọ̀gá Kòtò, háu fà?” ni wọ́n ń kí i láti ẹnu géètì. Màmá àgbàlagbà kan tiẹ̀ gbé yanrìn sínú ike wá, ó dà á sẹ́nu ọ̀nà Olóyè, ó ní ìwọ̀nba tí agbára òun ká nìyẹn.

Tàófíìk ló jẹ oyè àìríire pé kí ó sọ fún Olóyè. Ó kúnlẹ̀, ó ké gbogbo oríkì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá na fóònù sí i. Olóyè wo ara rẹ̀. Ó wo ohun tí wọ́n kọ sórí ara rẹ̀. Ó jókòó.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọlọ́gbọ́n ì bá ṣe níbẹ̀. Yóò gbé yangí ọkọ̀ mẹ́ta lọ sí Omifunfun, ọ̀rọ̀ á tán. Olóyè ní tirẹ̀ pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe kòtò ní kòtò mọ́ nínú ọ́fíìsì òun. “Ibi tí ilẹ̀ ti tẹríba” ni kí wọ́n máa wí. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa béèrè kòtò lọ́wọ́ Bàbá Mọ̀ọ́ntán láràárọ̀, kí wọ́n sì tẹ fọ́tò òun láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ń béèrè, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Bàbá Mọ̀ọ́ntán rí i pé gbogbo ẹni tó ń wá kòtò ló ń yan Olóyè, ó sì gbà pé òótọ́ ni òun ń sọ.

Nígbà tí èyí kò ràn án, Olóyè rántí Ọlọ́run. Ilé àdúrà ni wọ́n bí i sí, ó mọ̀ pé ogun nìyí. Ó ránṣẹ́ pe Wòlíì Pẹ̀lúmi, olórí àwọn wòlíì agbègbè náà, ẹni jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn gbogbo ènìyàn.

“Wòlíì, wọ́n ti fi mí há inú kòtò lójú ọ̀run,” ni Olóyè wí.

“Ẹ ó jáde níbẹ̀ lágbára Ẹ̀mí Mímọ́,” ni Wòlíì dáhùn. “Gbogbo ilé àdúrà ni yóò gbé e. Àwẹ̀ àti àdúrà ọ̀sán gangan.”

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé àdúrà ti mọ̀ pé bí ẹni tí wọ́n ń gbàdúrà fún kò bá lè wá, fọ́tò rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé sáàárín àbẹ́là. Olóyè kò lè dé gbogbo ilé àdúrà lẹ́ẹ̀kan náà. Wòlíì Pẹ̀lúmi wá ní kí ilé àdúrà kọ̀ọ̀kan gbé e sórí ojú-ìwé tirẹ̀: “Kòtò Tó Tóbi Jù, Tú Olóyè Sílẹ̀.” Ẹni tó bá tẹ ọ̀rọ̀ náà yóò bá fọ́tò Olóyè pàdé, yóò gbé fóònù rẹ̀ síwájú àbẹ́là, yóò sì gbàdúrà. Àwọn ẹ̀ka tó wà ní Òkìtìpupa gbé e. Ti Èkó gbé e. Ti Lọ́ńdọ̀nù gan-an, tí òtútù ń mú, gbé e pẹ̀lú omijé. Gbogbo wọn ń nawọ́ sí Olóyè, gbogbo wọn ń pe kòtò.

Ẹ̀rù ba Levi. Ó ti yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun kọ kúrò, síbẹ̀ Olóyè kò kúrò lókè. “Tíṣà, kì í ṣe èmi mọ́ o,” ni ó wí fún Agnes. “Àdúrà ni.” Inú Agnes kò dùn sí i. Ayé ń rẹ́rìn-ín, kòtò ṣì wà níbẹ̀, ikùn Inúmidùn sì ti sọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí ìgbìmọ̀ kan fi bọ̀ láti Àkúrẹ́. Àwọn ló ní àṣẹ láti gbé Olóyè ga di kọmíṣánnà tàbí láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyáàfin Olúbùsọ́lá, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ni olórí wọn. Kò gbọ́ oríkì dé ìlà kejì tó fi ní kí Tàófíìk jókòó. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, òjò gidi, gbọ̀ngàn sì tutù. Olóyè dìde.

“Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọlọ́lá,” ni ó wí, “ṣáájú kí n tó dé, ọ̀nà ń sunkún! Mo dé, mo nu omijé rẹ̀ nù! Kòtò gbọ́ orúkọ mi, ó kó ẹrù rẹ̀, ó sì sá kúrò ní ìpínlẹ̀ yìí!”

“Olóyè,” ni Ìyáàfin Olúbùsọ́lá wí, “mo béèrè kòtò tó tóbi jù lórí fóònù mi. Ẹ̀yin ni mo rí.”

“Iṣẹ́ ọ̀tá ni, mà.”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé kòtò kankan wà ní agbègbè yín?”

“Kò sí, mà.”

“Kò sí ẹyọ kan?”

“Kò sí ẹyọ kan ṣoṣo!”

“A jẹ́ pé èyí tí mo rí yìí nìkan ló wà.”

Akọ̀wé Ìkàrẹ́, tí ọrùn rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ lára, mi orí.

Olóyè wò ó, ó wo ìgbìmọ̀, òógùn bò ó. Bó bá ní kò sí kòtò, òun ni kòtò. Bó bá ní kòtò wà, ó ti ń purọ́ láti ọjọ́ yìí. Ẹni tó fẹ́ràn ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè pẹ́ yàn. “Mo lè fi kòtò gidi hàn yín!” ni ó kígbe. “Ó wà ní Omifunfun! Ó tóbi jù mí lọ! Ẹ jẹ́ kí a lọ nísinsìnyí!”

Jíìpù Olóyè ṣáájú, bọ́ọ̀sì ìgbìmọ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ilẹ̀ ti là gbàà, etí ọ̀nà tí àwọn ọlọ́kadà ń tọ̀ ti bá òjò lọ, omi pupa wà nísàlẹ̀. Awakọ̀ tẹ bíréèkì.

“Wọ inú ẹ̀!” ni Olóyè wí.

“Sà?”

“Wọ inú ẹ̀, kí wọ́n rí bó ṣe jìn tó! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pe èmi ni?”

Awakọ̀ àti Tàófíìk bẹ́ sílẹ̀. Olóyè fúnra rẹ̀ bọ́ sórí àga awakọ̀, ó sì wa jíìpù náà wọlé. Ó rì wọnú kòtò títí òrùlé rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú ọ̀nà dọ́gba. Olóyè ṣí ihò òrùlé, ó yọ orí síta pẹ̀lú fìlà, omi dé ìbàdí rẹ̀, ayọ̀ sì kún ojú rẹ̀. “Ẹ rí i!” ni ó ń pariwo. “Ẹ rí bí ó ti jìn! Òun ni kòtò! Èmi kọ́! Òun ni!”

Ibi tó ti ń jó báyìí ni ọ̀kadà kan ti yọ láti apá Omifunfun. Inúmidùn ló wà lórí rẹ̀, Agnes dì í mú láti ẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wọn pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́. Ìrọbí ti mú un láti òwúrọ̀. Ọlọ́kadà dé etí kòtò, ó dúró. Kò sí ọ̀nà mọ́. Ìyá rẹ̀ jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ké.

Agnes wo kòtò, ó wo jíìpù tó dí i. “Ẹ jẹ́ kí a gbé e gba orí ọkọ̀ yẹn kọjá!”

“Orí ọkọ̀ ìjọba?” ni Olóyè wí. “Orí ọkọ̀ tèmi?”

“Olóyè, ẹ gbé orí yín wọlé!” ni Ìyáàfin Olúbùsọ́lá jágbe mọ́ ọn, pẹ̀lú ohùn tó fi bá ọmọ iléèwé wí fún ogójì ọdún. Olóyè gbé orí wọlé.

Àwọn àgbẹ̀ mẹ́rin tó ń ti oko bọ̀ bọ́ bàtà. Wọ́n gbé Inúmidùn lọ́wọ́, wọ́n tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n tẹ òrùlé, wọ́n rọra gba orí Olóyè kọjá, wọ́n sì gbé e wọ bọ́ọ̀sì ìgbìmọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá Àjọ Ọ̀nà Tó Dán sílẹ̀, kòtò àkọ́kọ́ tí Olóyè dí nìyẹn.

Ìyáàfin Olúbùsọ́lá bojú wẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. “Olóyè, ẹ má wá sí Àkúrẹ́. Ẹ má sì padà sí ọ́fíìsì yẹn mọ́, láti òní lọ. Yangí yóò dé ibí lọ́la, kí ẹ ti kúrò níbẹ̀ kí a tó dà á.” Bọ́ọ̀sì gba Odìgbó lọ. Tàófíìk wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo ọ̀nà, ó bẹ́ sẹ́yìn ọ̀kadà kan.

Olóyè kò jáde. Agbádá rẹ̀ ti há mọ́ àga, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ké oríkì rẹ̀, kò sì mọ bí a ṣe ń dìde láìsí oríkì. Ó jókòó síbẹ̀ títí òòrùn fi yí. Nígbà tó yá, ọlọ́kadà kan já láti Odìgbó, ó ń fọn fèrè: “Ó ti bí o! Tìyá tọmọ wà láàyè!” Gbogbo ará Omifunfun tó dúró sétí kòtò fò sókè, wọ́n kígbe ayọ̀, wọ́n jó, ìyá Inúmidùn sì yíká nílẹ̀ tẹ̀rín tẹkún.

Olóyè gbọ́ ariwo náà. Ó yọ orí jáde láti òrùlé jíìpù, ó tún fìlà ṣe, ó sì ju ọwọ́ sókè sí wọn. “Mo dúpẹ́,” ni ó ń wí. “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ènìyàn mi.”

Bàbá àgbẹ̀ kan tó ń kọjá pẹ̀lú àdá léjìká dúró wò ó. Ọmọlúàbí ni bàbá náà, kì í kọjá lára ènìyàn láìkí i. Ó ṣí fìlà.

“Ẹ kú ìjókòó, sà,” ni ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.